Ìnáwó Yàtọ̀ sí Ìnákúnàá

Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tó ń náwó. Bí a bá dé ilé ẹni tó ń ṣòkú ìyá rẹ̀, tó ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ tàbí tó ń ṣílé, kí a tó wá ibi jókòó la ó ti ní, "Ẹ kú ìnáwó o." Olóde á ní, "A dúpẹ́, àá bá yín ná tiyín náà o." Kò sí ẹ̀gàn nínú ìkíni yìí rárá. Àdúrà ló wà níbẹ̀, ìyìn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kódà, ìnáwó gan-an ni orúkọ àpèjẹ lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ní ìnáwó kan ń bẹ ní Ìtàpá lọ́jọ́ Sátidé ń sọ pé àwọn kan fẹ́ dáná, wọn ó gbé onílù wá, èrò ó sì pé jọ. Àmọ́ èdè tó ní ìkíni yìí náà ló ní ìnákúnàá, òun náà ló ní àpà, àṣejù, fújà àti ṣekárími, ìbáwí sì ni gbogbo wọn. Ẹni tí a kí kú ìnáwó láàárọ̀ Sátidé lè di àpà lẹ́nu àwa kan náà kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ibo wá ni ààlà wà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ojú ìwé lásán lójú ọ̀nà Èkìtì tó gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, tó gba Ìtàpá dé Ìkọ̀lé, níbi tí àwòrán àwọn olóògbé, tí a kọ "Ẹ̀yẹ Ìkẹyìn" gàdàgbà sórí rẹ̀, kì í ti í wọ́n lẹ́bàá títì láti òpin ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn. A máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló ni àríyá, pé ìwé ni Èkìtì mọ̀ ní tirẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn kò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ìnákúnàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye owó. A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ iye, ìdí sì nìyẹn tí ìwàásù, òfin àti ẹ̀fẹ̀ tí a ń ṣe sí i kò fi tu irun kan lára rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ọ̀rọ̀ náà. Ìjẹkújẹ kì í ṣe àjẹjù. Ọmọdé tó ká ẹyọ mángòrò àìpọ́n kan ṣoṣo jẹ ti jẹ ìjẹkújẹ, àgbẹ̀ tó ti oko iṣu dé tó sì da odindi iyán ọpọ́n kan sẹ́nu kò jẹ ìjẹkújẹ. Ìsọkúsọ kì í ṣe àsọjù, gbólóhùn kan péré tó o. Ọmọkọ́mọ kì í ṣe ọmọ púpọ̀. Ìwàkiwà, ìṣekúṣe, ìrìnkurìn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀: wọ́n ń tọ́ka sí ohun tí a ṣe níbi tí kò yẹ, nígbà tí kò yẹ, tàbí sí ẹni tí kò tọ́ sí. Bó bá jẹ́ iye la ń wí, "jù" la máa ń fi sí i, a ó ní àjẹjù, àsọjù, àṣejù. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì lé wa lọ́wọ́ kò fi ọ̀kan pe èkejì. Ahọ́n Èkìtì a máa fi u ṣáájú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ará Ọ̀yọ́ ń fi i bẹ̀rẹ̀, wọn a pe ilé ní ulé, wọn a pe iṣu ní uṣu, nítorí náà ohùn ọ̀rọ̀ wa yìí lè yí padà lẹ́nu àgbà Ìkọ̀lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í yí.

Ẹni tó bá rò pé gírámà ni mo fi ń dáná, kó lọ wo ìtàn tí àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn jù lọ́rọ̀ yìí, ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 15. Owó tirẹ̀ ló ná, bàbá rẹ̀ ló pín in fún un. Ohun tó sọ ọ́ di onínàákúnàá ni pé ó kó o lọ sí ìlú òkèèrè, ó ná an tán síbẹ̀, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí mọ́ lọ́jọ́ tí ìyàn mú. Ìtàn náà kò tíì parí. Nígbà tó padà délé, bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ tó dára jù, ó fi òrùka sí i lọ́wọ́, ó pa ẹgbọrọ màlúù àbọ́pa, ìlù àti ijó sì bẹ̀rẹ̀. Ìnáwó ni ìyẹn, kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n dúró síta, ó ń ṣírò ohun tí wọ́n ná, ó ní òun kò tilẹ̀ rí ọmọ ewúrẹ́ kan gbà rí. Iye ni ẹ̀gbọ́n ń wò, bàbá ń wo ẹni tí a ná an lé lórí. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ tó fi àbúrò dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́, díẹ̀ ló rántí pé inú ìtàn kan náà ni àsè ńlá yẹn wà, tí ẹnikẹ́ni kò bá bàbá wí nítorí rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kọ̀ tí kò wọlé.

Àtakò tí yóò kọ́kọ́ dìde ni pé àṣà wa ni, pé àwọn bàbá wa náwó kí a tó dé. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a gbà á tọkàntọkàn kí a tó bá a jiyàn. Níbi òkú àgbà kan ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ayédé, ẹ má wo olórin, ẹ wo tábìlì kékeré tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Ìwé kan wà lórí rẹ̀, irú èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, wọ́n ti fi rúlà fà á sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ, ibi tó ti wá, ohun tó mú wá. Ọmọ ilé kan tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ló jókòó tì í. Àna láti Ùsì, ewúrẹ́ kan. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, 20,000. Ará ilé kejì, iṣu mẹ́wàá pẹ̀lú garawa epo kan. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ a fi ọjọ́ méjì pọnmi, a la igi, a gún iyán, wọn a sì rántí ìyẹn náà bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé. Bí ayẹyẹ bá parí, wọn kì í sọ ìwé yìí nù. Ìyálé a gbé e sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ọjọ́ tí àna Ùsì bá ń ṣe tirẹ̀ ni wọn ó tó ṣí i, wọn ó wo ohun tó mú wá, wọn ó sì fi nǹkan díẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé ìkòkò ńlá kaná nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sọ owó nù, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló tọ́jú rẹ̀ sí. Bí àìsàn bá dé, bí òjò bá ṣí páànù ilé rẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú ìwé yẹn ni yóò gbà lọ.

Ẹni tó bá wo irú ètò bẹ́ẹ̀ láti òde, àpà nìkan ni yóò rí. Ìjọba Kánádà ṣe é rí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ etí òkun ìwọ̀ oòrùn níbẹ̀ ní àsè kan tí wọ́n ń pè ní potlatch, níbi tí ìjòyè ti ń pín ọrọ̀ rẹ̀ fún àlejò, tí iyì rẹ̀ sì ń ga bí ohun ìní rẹ̀ ti ń dín kù. Àwọn míṣọ́nnárì àti aṣojú ìjọba ní ìnákúnàá ni, wọ́n fi òfin dè é ní 1884, òfin yẹn kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1951. Kò yé wọn pé ohun tí ìjòyè ń fi tọrẹ ń yí ká, pé ẹni tó gbà lónìí ni yóò fúnni lọ́la. Nítorí náà, mo máa ń ṣọ́ra fún àwọn tó ti òkèèrè dé, yálà òyìnbó ni wọ́n tàbí ọmọ wa tó pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wo ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin ní Ìkọ̀lé tí wọ́n sì mi orí.

Síbẹ̀, "àṣà ni" kò parí ọ̀rọ̀, nítorí àwọn bàbá wa yẹn náà ló mọ ìwọ̀fà. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: ẹni tó yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó títí tí yóò fi rí owó náà dá padà, gbogbo iṣẹ́ tó sì ń ṣe, èlé ló dúró fún, kò bù kúrò nínú gbèsè. Ìnáwó òkú wà lára ohun tó ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà nígbà náà. Ọmọdé tí a fi sọ́fà nítorí òkú bàbá bàbá rẹ̀ ń kọ ebè lóko olówó, nígbà tí àwọn tó jẹ ẹran náà ti gbàgbé bó ṣe dùn. Àṣà nìyẹn náà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé orí tábìlì kì í ṣe bí ìkòkò ti tóbi tó, nítorí ìkòkò kan náà lè jẹ́ ìnáwó nílé yìí kó sì jẹ́ ìnákúnàá nílé kejì. Ibi tí ẹrù náà sọ̀ sí ló yàtọ̀: ọ̀kan sọ̀ sórí àwọn tó jẹ nínú rẹ̀, èkejì sọ̀ sórí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè.

Owó epo rọ̀bì ló wá da nǹkan rú pátápátá. Nígbà tí ìjọba tẹ́wọ́ gba àbá ìgbìmọ̀ Jerome Udoji, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì gba àfikún owó oṣù pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Údojì di ọ̀rọ̀ Yorùbá láàárọ̀ ọjọ́ kan: ẹni tí owó ńlá bá já lé lọ́wọ́ láìròtẹ́lẹ̀ ti gba Údojì. Ní 1975 ni nǹkan bí 400 ọkọ̀ òkun tò sílẹ̀ ní èbúté Èkó, tí símẹ́ńtì kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọn kò ríbi já a sí. Léèsì kan wà tí wọ́n ń pè ní wọ́nyọ̀sí, olówó gọbọi, Wọlé Ṣóyínká sì fi orúkọ rẹ̀ pe eré tó gbé jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1977, Opera Wonyosi. Oṣù yẹn gan-an ni Bokassa gbé adé lé ara rẹ̀ lórí ní Bangui, ìwúyè tí wọ́n ní ó jẹ nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò rí oúnjẹ tó yó wọn, Ṣóyínká kò sì fojú fo òun náà dá nínú eré rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba wa gbà lálejò, láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ó wù mí pé onímọ̀ kan ṣoṣo ló kọ ìwé lórí FESTAC àti lórí ọdún ìlú tí mo fẹ́ fi wé e. Andrew Apter, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ní Ayédé níbí, ó ṣèwádìí lórí ọdún Yemọja wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1992. Ní 2005 ó tún tẹ òmíràn jáde, lórí FESTAC àti owó epo. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ náà nìyí, ẹ má fi lé e lọ́rùn: ọdún Ayédé kò lè wáyé bí àwọn ilé tó wà nínú ìlú kò bá gbé tiwọn sílẹ̀, nítorí náà ìlú ní ẹnu láti sọ ohun tí wọn ó ná an sí. Epo ló san ti FESTAC, ará ìlú kàn wá wòran ni. Owó tí kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá kò ní ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ìlànà FESTAC yìí ló ti wọ agbo ilé wa. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó òkú ń gbà lọ báyìí láti Ìdó tàbí Ọ̀yẹ́. Nígbà tí kò sí mọ́ṣúárì, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó wọlẹ̀, ohun tó wà nínú oko àti nínú agbo ẹran ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Nísinsìnyí, a lè gbé òkú pamọ́ fún oṣù méjì kí ọmọ tó wà ní Houston lè rí àyè wá, ojoojúmọ́ sì ni owó ibẹ̀ ń gorí ara wọn. Ọkọ̀ agbókùú tó ń fun fèrè wà níbẹ̀, àwọn agbépòósí tó ń jó wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi kámẹ́rà tó ń fò lókè ya fídíò wà níbẹ̀, wọ́n sì lè ti Èkó tàbí Àkúrẹ́ wá. Léèsì tí a fi ṣe aṣọ ẹbí, bó bá jẹ́ ojúlówó, òkèèrè bí Austria la ti ń kó o wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀bùn ìrántí: ike, agbọ̀n, táwẹ̀lì tí a tẹ àwòrán olóògbé sí, tí àlejò yóò fi nu ilẹ̀ kó tó di oṣù mẹ́ta. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọrọ̀ ajé ṣe ń yí, pé ìyá alásè, télọ̀, onígèlè, oníkánópí àti ọlọ́kadà ń jẹ níbẹ̀. Mi ò kọ̀. Iṣu tí ìyá alásè rà lọ́jà Ìkọ̀lé, owó rẹ̀ sùn sí Ìkọ̀lé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí òkú kan ṣoṣo, kí ẹ fi ohun tó kù sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ohun tó jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ní ayé ìwé orí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ló pọ̀. Lónìí, mo fura gidigidi pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlú òkèèrè ti ọmọ onínàákúnàá nìyẹn, àwa kò kúrò nílé, owó ni a rán lọ.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà, màlúù tó sì tó màlúù ju irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lọ. Nítorí náà, tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ pa màlúù tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ti pa tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kò tíì san ti tẹ́lẹ̀ tán, ó ku sọ́gùńdogójì, ó sì ku àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń fi ìtìjú kó owó wọn padà. Ẹ wò ó pé nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n tó ní ilé iṣẹ́ ná ìlọ́po márùn-ún, kò sì jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ iye la fi ń díwọ̀n, ẹ̀gbọ́n ni àpà. Ṣùgbọ́n àbúrò ni yóò máa sanwó fún ọdún méjì, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò sì fi san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ tó fi owó ilé gbígbà ra fóònù: owó kékeré ni lójú olóṣèlú, ìnákúnàá paraku ni.

Àtakò tó le jù ni èyí tó wà nínú òwe wa: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ẹnu lásán ta èyí dànù. Ìyá tó ta epo tó ta gàrí kí ọmọ rẹ̀ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ta ni yóò sọ pé kí wọ́n sin ín wọ́ọ́rọ́wọ́? Ìlù yẹn, ijó yẹn, gbogbo ìlú tó dúró lójú títì, àmì ni pé ìyà rẹ̀ kò lọ lásán. Èmi gbà, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ pé ẹni tí ọmọ sin nìkan ni kí a tọ́jú. Ní 2011, nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìṣàn-Èkìtì, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 65 tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ní 5,000 náírà lóṣù, àwọn tó tọ́ sí i kò ṣòro rí ní Èkìtì. Ìpínlẹ̀ tí gbogbo agbo ilé ti ní ọmọ tó kàwé ni o! Nínú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, a kò ṣàì rí èyí tí wọ́n padà pa màlúù fún. Owó ìpara, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ọkọ̀ láti Ìlúpéjú dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sí èyí tó tó owó kánópí nínú wọn. Ìyá kan náà, ìnáwó méjì, ó lè má ju ọdún méjì lọ láàárín wọn. Bí a bá kọ̀ láti ná kékeré nígbà tó lè jẹ ẹ́, tí a wá ná ńlá nígbà tí kò lè rí i, ìnákúnàá ni ńlá yẹn, kì í ṣe nítorí pé ó tóbi, bí kò ṣe nítorí pé ó pẹ́.

Àwọn kan ti sọ pé kí òfin dá sí i. Òfin ti ń gbìyànjú rẹ̀ ó pẹ́. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti fi ààlà sí ìnáwó ìsìnkú nínú òfin Tábìlì Méjìlá wọn, láti nǹkan bí 450 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Tajikistan ṣe òfin ní 2007, wọ́n ka iye àlejò ìgbéyàwó sí 150. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Anambra náà ṣe ti ìsìnkú ní 2019, wọ́n sọ iye oṣù tí òkú lè pẹ́ ní mọ́ṣúárì. Gbogbo wọn, iye ni wọ́n rí mú. Òfin lè ka orí, ó lè ka ọjọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó yá owó àti ẹni tí kò yá a. Èyí tó súnmọ́ wa jù ni abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, tó ka fífi náírà lẹ onílù lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Idris Okuneye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobrisky, ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Mo mọ ohun tí òfin náà ń dáàbò bò, bébà owó ni, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo agbo kan níhìn-ín. Ìyá àgbà kan rọra jó dé iwájú onígángan, ó tú ìdí aṣọ, ó fa 200 náírà kan tó ti rún yọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, onílù ki orílẹ̀ rẹ̀, ojú ìyá kún fún omi. Ọ̀daràn ni ìyá lábẹ́ òfin. Lórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tẹ fóònù, ó fi 5 mílíọ̀nù tó yẹ kó san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì olórin. Òun kò rú abala 21.

Mi ò rò pé òfin burú, ohun tí mò ń sọ ni pé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé ló lè ṣe é, nítorí ilé ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ náà sí àyè rẹ̀, a kò ní máa sọ̀kò rẹ̀ lu gbogbo ẹni tó bá se ìrẹsì púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní máa dákẹ́ fún ẹni tó se díẹ̀ pẹ̀lú owó ọmọ ọlọ́mọ. Àpà á di ẹni tó ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tó ná an fún ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn tó ti fi í sílẹ̀ nígbà tó lè jẹ ẹ́, tàbí tó ná an débi tí kò ní padà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní èyí le ju kí a kàn sọ pé màlúù kan tó. Ó le lóòótọ́, nítorí pé ìbéèrè ni yóò máa bí, ìtìjú sì wà nínú ìbéèrè.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olórí ẹbí ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àyíká wọn, àti sí àwọn àlúfáà àti lémọ́mù tó máa ń jókòó pẹ̀lú wọn: nígbà tí ẹ bá ṣèpàdé lórí òkú, kí akọ̀wé kọ́kọ́ kọ gbèsè ilé ìwòsàn tí olóògbé fi sílẹ̀, kó kọ owó ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí, kó kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ yá àti ẹni tó fẹ́ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ màlúù.